Orí Kẹfà: Ìbàdí Ni Kó Gbẹ́rù, Kì í Ṣe Èjìká

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta báàgì ní Sábó, ní Ìkòròdú, gbogbo báàgì ẹ̀yìn tí wọ́n so kọ́ síta ló máa ń yọ kùn bẹ̀ǹbẹ̀. Bébà àti láílọ́ọ̀nù ni wọ́n rún sínú wọn kí wọ́n lè dúró dáadáa. Oníbàárà á gbé ọ̀kan kọ́ ẹ̀yìn, á yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, á fa síìpù rẹ̀ wò, á ka iye àpò tó wà lára rẹ̀, lọ́rọ̀ bá di nínájà. Báàgì wo ni kò ní bá èèyàn lára mu nígbà tó jẹ́ bébà ló wà nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí kílò mẹ́wàá wọ inú ẹ̀, kí ẹni tó rà á fi wákàtí méjì gbé e gun òkè, ìgbà náà ló máa tó mọ̀ bóyá báàgì lòun rà tàbí ìyà.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún ẹni tó fẹ́ ra báàgì ìrìn-àjò ni pé kó kọ́kọ́ ra píọ̀ wọ́tà àpò kan. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò kan, ìdajì lítà sì ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan, kílò kan ni. Òṣùwọ̀n kílò 10 tí kì í parọ́ ni ẹ gbé dání yẹn, kò sì sí àdúgbò tí wọn kì í ti í tà á. Ẹ kó bébà inú báàgì jáde, ẹ fi láílọ́ọ̀nù tí kò lu di omi náà, ẹ kó o sínú báàgì, kí ẹ wá gbé e rìn yí ọjà ká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àtẹ̀gùn bá wà nítòsí, ẹ gùn ún. Ọlọ́jà lè kùn pé, “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?” Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé rírà lẹ wá rà. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fún un lómi méjì mu. Inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ẹ ó ti mọ ibi tí báàgì náà fẹ́ gbé ẹrù kà. Bó bá jẹ́ èjìká ló kọ́kọ́ ké, ẹ dá a padà fún un.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ fọwọ́ kan iwájú èjìká yín, ẹ ó bá eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ dé orí apá. Abẹ́ eegun yẹn ni ìdì àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọrùn lọ sí ìka ọwọ́ gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ apá gbà. Bí okùn báàgì bá dúró tẹ ibẹ̀ pẹ́, ọwọ́ á kú tipiri. Àwọn dókítà ológun ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Ọmọ ogun tó ru báàgì wúwo rìn jìnnà lè débi tí kò ní lè gbé apá sókè dáadáa mọ́, tí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ á máa yọ síta, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kó tó padà bọ̀ sípò. Ìbàdí ní tirẹ̀ yàtọ̀. Eegun ńlá tó yípo ni, ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lókè, ó dúró lórí eegun itan méjèèjì nísàlẹ̀, àwọn iṣan tó lágbára jù lọ lára ló sì yí i ká. Ẹrù tó bá ti dé ìbàdí, ẹsẹ̀ ló gbé e yẹn.

Ìyá ọlọ́mọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á gbé ọmọ lé ẹ̀yìn, á mi í sókè lẹ́ẹ̀kan kí ìdí ọmọ lè jókòó sórí ìbàdí, á fa ìró bò ó, á ki etí ìró náà mọ́ àyà, lẹ́yìn náà ni á wá fi ọ̀já gbá a nídìí, á so ó le níwájú. Bí ọ̀já bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á fà sẹ́yìn, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀yìn ìyá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Báàgì tó dáa, bí wọ́n ṣe ń pọnmọ ni wọ́n ṣe rán an: ìdí ẹrù lórí ìbàdí, ikùn ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ẹni, ìdè kan tó le nísàlẹ̀, òmíràn lókè tí kò ní jẹ́ kó fà sẹ́yìn. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn tó ni ẹni tó gbé e á ṣe tẹ̀ síwájú tó kó má baà ṣubú sẹ́yìn, iṣan ẹ̀yìn ló sì ń sanwó ìtẹ̀síwájú yẹn. Kílò márùn-ún tó lẹ̀ mọ́ ara sàn ju kílò mẹ́rin tó ń jà lẹ́yìn lọ.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé ṣebí òṣùká làwọn ìyá wa ká lé orí tí wọ́n fi ru ẹrù láti oko àti láti etí ọ̀sà, ta ló gbé báàgì ẹ̀yìn nígbà náà? Ìbéèrè gidi ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ti bi ara wọn. Ní 1986, G. M. O. Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Orí làwọn Luo fi ń rù, àwọn Kikuyu a máa fi okùn gbá iwájú orí tí ẹrù á wà lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu: títí ẹrù fi tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara obìnrin náà, agbára tó ń lò kò ju èyí tó ń lò nígbà tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ray Lloyd àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà lára àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 2010, wọn kò rí i pé orí dín wàhálà kù ju ẹ̀yìn lọ lápapọ̀. Ó rọ ẹnìkan lọ́rùn, ó ni ẹlòmíràn lára, ọrùn àwọn kan sì ń dùn wọ́n. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti ń ru omi láti kékeré ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó dàgbà sínú kéké àti dánfó kò gbọ́dọ̀ torí ìwádìí Kẹ́ńyà gbé ẹrù ka orí ní àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè. Ọwọ́ méjèèjì ló máa wúlò fún un níbẹ̀.

Bẹ́líìtì ìbàdí tó wà lára báàgì òde òní kò pẹ́ láyé. Ní 1952, Dick Kelty, ará California, àti ìyàwó rẹ̀ Nena bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàgì tà nínú ilé wọn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà kan tí Dick àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn lórí àwọn òkè Sierra Nevada, wọ́n ki ìdí férémù báàgì wọn bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ni èjìká wọn bá fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń so bẹ́líìtì mọ́ báàgì, àwọn olùpolówó sì ti fi àbùmọ́ kún un. Ẹ ó gbọ́ pé bẹ́líìtì ń gba ìdá 80 nínú 100 ẹrù kúrò léjìká. Michael LaFiandra àti Everett Harman, tí wọ́n ń ṣèwádìí fún ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ wọn agbára náà, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2004 ni pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ló dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyókù ṣì wà lókè. Ẹ má ṣe torí ìyẹn fojú di bẹ́líìtì o. Bí ẹrù bá jẹ́ kílò 15, kílò mẹ́rin ààbọ̀ ló kúrò léjìká yẹn. Èyí tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kò sí bẹ́líìtì tó lè gba ẹni tó di ẹrù àdìjù là.

Ẹ̀yìn yín ni báàgì ń wò, kì í ṣe gíga yín. Èèyàn méjì lè ga dọ́gba kí ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kí èkejì jẹ́ ẹlẹ́yìn gígùn, báàgì tó bá ti àkọ́kọ́ mu á gun èkejì lórí. Ẹ yà sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà ní àdúgbò, ẹ ní kó bá yín fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ orí síwájú: eegun kan á yọ kókó ní ìpìlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kó fi orí téèpù sí. Kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú lórí eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn. Ibi tí ìlà tó so àtàǹpàkò méjèèjì pọ̀ ti kan ọ̀pá ẹ̀yìn ni téèpù á parí sí. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, tó sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 sí 53 fún àgbàlagbà, ni wọ́n fi ń yan báàgì. Báàgì gidi á ní ìwọ̀n kékeré, àárín àti ńlá, tàbí kí ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ ọn ṣeé gbé sókè gbé sísàlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe ti obìnrin lọ́tọ̀, tí okùn èjìká rẹ̀ súnmọ́ra, tí bẹ́líìtì rẹ̀ sì tẹ̀lé bí ìbàdí obìnrin ṣe fẹ̀. Ẹni tó bá ró ìró tó ta kókó sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́líìtì á tẹ kókó yẹn mọ́ eegun rẹ̀ títí á fi bó. Ṣòkòtò ló dáa jù lọ́jọ́ náà.

Títóbi báàgì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, èmi ò sì kà á sí bàbàrà. Fún ìrìn ojúmọ́ kan, lítà 20 sí 30 tó. Fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ẹ ó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, 35 sí 45. Ẹni tó máa gbé àgọ́ àti ìkòkò dání ló lè ronú kan 50 sí 65. Báàgì tó bá tóbi jù, ọwọ́ kì í sinmi níbi ká máa kó nǹkan sí i. Ti báàgì Ghana Must Go, tó gba orúkọ ní 1983 nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ẹ jẹ́ kó wà nínú búùtù ọkọ̀. Báàgì ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ méjì ló ní, kò lẹ́yìn.

Ẹni tó ń gbé ní Ìgbògbò, lágbègbè Ìkòròdú, kò jìnnà sí ibi tó ti lè dán báàgì wò. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ò ní wọ àárín ìlú Èkó rárá kí ẹ tó dé agbègbè Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká láyé àtijọ́. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibì kan sì wà tí ìsàlẹ̀ yàrà sí orí odi fi tó mítà 20. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, okùn igi sì ń fà mọ́ ohunkóhun tó bá ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lára báàgì. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú. Ìdànrè ni ìdánwò kejì. Títí di 1933 ni àwọn ará ibẹ̀ fi gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó, àtẹ̀gùn bí 660 ló sì wà láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Níbi ìsinmi kejì ni ẹ ó ti máa rí àwọn tó ti sọ báàgì sọ́wọ́.

Kí ni kí ìwọ̀n ẹrù jẹ́? Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ń lò ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara fún ìrìn ojúmọ́, kó má sì kọjá ìdá kan nínú márùn-ún fún ti ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó wọn kílò 70, kílò 7 ni tirẹ̀, bó bá pọ̀ tán, 14. Inú rẹ̀ ni omi wà o, báàgì fúnra rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nínú ooru tiwa, ìdajì lítà ní wákàtí kan kì í ṣe àṣejù, nítorí náà ìrìn wákàtí mẹ́rin ti gba kílò méjì kí ẹ tó fi oúnjẹ kún un. Kí n yà lọ́nà díẹ̀: àwọn ọmọ wa tó ń jí lọ síléèwé ní Ìkòròdú pẹ̀lú gbogbo ìwé wọn lẹ́yìn, ta ló wọn tiwọn? Ìjọba Íńdíà ṣe ìlànà kan ní 2020 pé báàgì ọmọ iléèwé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ọmọ náà lọ. Ọmọ kílò 25, kílò méjì ààbọ̀ péré. Ẹ gbé ti ọmọ yín lé òṣùwọ̀n lálẹ́ yìí.

Ní ti aṣọ tí wọ́n fi rán an, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 210D, 420D tàbí 600D lára báàgì. Ìwọ̀n gíráàmù òwú tó gùn tó mítà 9,000 ni D yẹn dúró fún. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni òwú nípọn tó. 420 ti tó fún ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò ju aṣọ lọ ni ọ̀dà tí wọ́n kùn sí inú rẹ̀ kí omi má baà wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa ọ̀dà yìí, àwọn méjèèjì kò sì wọ́n wa létí ọ̀sà. Bí ẹ bá lọ ra tòkúnbọ̀ ní ọjà Kàtángúwà, tí ẹ rí báàgì òkè òkun tó dára lójú, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ kọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ní igun. Bí inú rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, tó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó sì ń rùn kíkan, ọ̀dà rẹ̀ ti kú nìyẹn, fífọ̀ kò lè jí i. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù bẹ́líìtì: kó padà dìde kíá. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán okùn èjìká mọ́ báàgì lókè, ìlà rírán kan kò tó níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó, àwọn tó ń rán bàtà lójú pópó lè fi òwú náílọ́ọ̀nù rán an le lówó pọ́ọ́kú. Síìpù ni kò ṣeé fojú fò. Ẹ fà á lọ fà á bọ̀ níbi tó ti yí kọ́nà, nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ya.

Kò sí báàgì tó lè gba gbogbo òjò oṣù kẹfà. Aṣọ òjò tí wọ́n ń fi bo báàgì kì í bo ẹ̀yìn, níbi tí òógùn àti òjò jọ ń ṣàn gbà. Láílọ́ọ̀nù dúdú ńlá tó nípọn, tí ẹ tẹ́ sínú báàgì kí ẹ tó di ẹrù, ló dájú jù, kò sì tó nǹkan rárá lójú owó báàgì. Ẹ̀yìn tó ní àwọ̀n, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Deuter ní Jámánì mú jáde ní 1984 kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín báàgì àti ara kọjá, dára fún ẹrù fífúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń ti ẹrù kúrò lára, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ń fà. Bí ẹrù bá ti kọjá kílò 10, ẹ jẹ́ kí òógùn rin yín.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ kọ́kọ́ dẹ gbogbo okùn. Ẹ so bẹ́líìtì lákọ̀ọ́kọ́, kí àárín rẹ̀ jókòó lórí eegun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ti èjìká, ti àyà ló kẹ́yìn. Ohun tó wúwo jù ni kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ní ọ̀gangan àárín èjìká méjèèjì. Bí ọ̀nà bá ń yọ̀, ẹ gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀kadà fẹ́ ìṣọ́ra tirẹ̀. Bó bá já fìrì ní oríta, báàgì tó ga ju orí lọ á fa ẹni tó gbé e sẹ́yìn. Kí ọlọ́kadà gbé e síwájú, tàbí kí ẹ wọ kéké.

Ti ojú omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá wọkọ̀ ojú omi ní Bàyékù tàbí ní Ìpakodò mọ̀ pé àjọ LASWA, tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó. Jákẹ́ẹ̀tì náà kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí báàgì bá wà lórí rẹ̀ tí ẹ so mọ́ ìbàdí àti àyà. Kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò lórí ilẹ̀, ẹ tú ìdè méjèèjì, ẹ bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn, ẹ gbé e sáàárín ẹsẹ̀, kí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dè é. Bí ẹ bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ la odò kọjá nínú igbó, ẹ lè gbé báàgì kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n kí ìdè kankan má wà ní títì. Omi lè gba báàgì lọ, òmíràn wà lọ́jà.